Ọ̀rọ̀ Tí Edelmira Sọ Lórí Afárá Èbúté

Nígbà tí wọ́n dìbò yan Edelmira Oyarzo ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ apẹja ìlú Quilahue, ohun tí wọ́n ní kó ṣe kò ju kó dìde kó dúpẹ́ lọ. Ó dìde lóòótọ́. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Ó ń wo ògiri, ògiri ń wò ó, títí ẹnì kan fi kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbà wá o, ààrẹ wa ti gbé ahọ́n mì!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹyín, ó jókòó, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sunkún bí ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀, obìnrin náà kì í ṣe ojo. Láti kékeré ló ti ń wọ inú omi òkun Chiloé, erékùṣù wọn, tó tutù bíi yìnyín lọ kó ewé òkun, kò sì sí oníṣòwò ẹja tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ́ ẹ jẹ. Ẹnu sí ẹnu, kò sẹ́ni tó ń bá a du ú. Àwùjọ ló ń bà á lẹ́rù.

Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kò fi lélẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń bọ̀ láti olú ìlú wá ṣí afárá èbúté tuntun tí ọkọ̀ á máa gúnlẹ̀ sí, àti pé ààrẹ ẹgbẹ́ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ó da aṣọ òtútù bora, ó di ilé Tíṣà Heriberto Mansilla. Tíṣà yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bí wọ́n bá ń gbéyàwó ní Quilahue, òun ni wọ́n ń pè kó wá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń sìnkú, òun náà ni.

"Tíṣà, ẹ gbà mí."

"Kí ló ń lé ẹ bọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ni."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó bu mate gbígbóná, omi ewé tí wọ́n ń sè mu, fún un, ó ní kó fà súnmọ́ ààrò onígi. "Kí ló wà lọ́kàn àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́ ẹ?" ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í.

"Mi ò mọ̀. Ohun tí èmi fẹ́ sọ ni mo ń wá."

"Ibẹ̀ lo ti ṣì í. Àwọn ni kó o kọ́kọ́ rò, kó o tó ro ara ẹ. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ kì í gùn, torí ebi ti ń pa àlejò. Bó o bá fẹ́ yí àwọn èèyàn lọ́kàn padà, ìdí pàtàkì lo máa fi lélẹ̀, kí wọ́n rí i bí ẹni rí ẹja nínú àwo. Tó o bá ń dágbére fún òkú, wàá sọ òótọ́ nípa ẹ̀, àmọ́ o ò ní tú u síhòòhò. Ẹni tó bá gbé ẹnu ìgbéyàwó lọ síbi òkú, tí wọ́n bá nà án, mi ò ní bá a bẹ̀bẹ̀."

Ó kọ́ ọ pé kó má há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí, torí ọ̀rọ̀ àhásórí dà bí okùn tí wọ́n so pọ̀. Bí ibì kan bá já, gbogbo rẹ̀ lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni kó mọ̀ dunjú, ìyókù kó mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá dé, kó wá ojú ẹnì kan ṣoṣo, kó máa bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀. Bí ariwo bá pọ̀, kó rẹ ohùn sílẹ̀ dípò kó pariwo. "Má sì ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ ẹ," ni Tíṣà wí. "Àwùjọ máa ń bẹ èèyàn kó parọ́ fún wọn. Wọn kì í sì í dárí jì í."

Edelmira ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra nílé bó ṣe ń la ìṣáwùrú òkun. Àbúrò rẹ̀, Sigifredo, tó ń tukọ̀ ẹja, máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì," ni Edelmira á wí.

"Ẹ ṣeun, màmá ààrẹ! Ẹja ńkọ́?"

"Jáde níbẹ̀ jàre, àgbàyà."

Sigifredo mọ iṣẹ́ òkun débi pé ó ti ń gùn ún. Bí ojú ọjọ́ bá ń yí padà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré wálé, òun á fẹ́ ju àwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan sí i. Á ní, "Òkun mọ orúkọ ìyá mi." Ìyá wọn, Otilia, kò fẹ́ràn kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òkun kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àlejò yẹ kó dé, afẹ́fẹ́ àríwá ti ń jà láti òru. Wọ́n ti to àga sórí afárá tuntun, rìbọ́nù ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n àga kò rí olùjókòó. Gbogbo ìlú dúró létí omi, wọ́n ń wo ojú òkun. Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé àyàfi ọ̀kan, ọkọ̀ Sigifredo. Òun àti Abdón àgbàlagbà, àti Yerko, ọmọ Rosamel Barría, ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Rosamel bí ni Yerko.

Nígbà tí Edelmira sáré dé, ó gbọ́ igbe láti ọ̀dọ̀ yàrá rédíò. Nínú yàrá kékeré yìí ni Nolberto Huenchur máa ń jókòó, tó ń bá àwọn tó wà lójú omi sọ̀rọ̀, tó sì ń kìlọ̀ fún wọn bí àwọn ológun ojú omi bá ti èbúté nítorí ìjì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Nolberto ń mutí. Ó ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá náà. Rosamel dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àáké tí wọ́n fi ń la igi ìdáná, àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀mùtí, jáde! O sùn lọ, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọmọ mi!"

"Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà!"

"Ẹ sọ òun náà sómi!"

Edelmira kò gba iwájú. Ó yí sẹ́yìn, níbi tí fèrèsé kékeré kan wà. Nolberto jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti tábìlì rédíò.

"Nolberto. Wò mí lójú. Ṣé o sùn?"

"Mi ò sùn, ẹ̀gbọ́n. Mi ò fẹnu kan ọtí lánàá. Mo pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ti èbúté báyìí ni mo pe gbogbo ọkọ̀. Gbogbo wọn ló dáhùn."

"Sigifredo náà dáhùn?"

Ọkùnrin náà gbójú sílẹ̀. "Ó dáhùn. Ó ní kí n fara balẹ̀, àwọ̀n kan péré ló kù. Ó ní òkun mọ orúkọ ìyá òun."

Edelmira mọ gbólóhùn yẹn. Ohùn àbúrò rẹ̀ ni. Kò sẹ́lòmíràn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Quilahue.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Ta ló máa gba ọ̀mùtí gbọ́? Kí n wá sọ pé àbúrò ààrẹ ló fà á? Wọ́n á ní mò ń purọ́ mọ́ òkú."

Òkú. Ọ̀rọ̀ náà gún Edelmira bí ìwọ̀. Ó yí padà, ó rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, tó fi ìbora dúdú bo orí, tí ètè rẹ̀ ń mì nínú àdúrà. Èrò burúkú kan sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀mùtí kan ló máa jẹ ìyà. Ìlú á gbàgbé. Sigifredo á máa jẹ́ ẹni rere lẹ́nu gbogbo èèyàn, yálà ó kú ni tàbí ó yè. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ da ẹrẹ̀ sára àbúrò tí omi lè ti gbé lọ, lójú ìyá tó bí àwọn méjèèjì.

Ó gbọ́ gbàgà. Àáké ti ba ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan.

Kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e dé orí pèpéle tí wọ́n kàn fún àlejò. Ó na ọwọ́ sókè. Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i. Ó la ẹnu, ohun tó ti fi ń kọ́ra láti ọjọ́ yìí wá sì já bọ́ láìpè é:

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì—"

Igbe ta.

"Àlejò wo?" Rosamel yíjú sí i, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Ọmọ mi wà lójú omi, o ń kí àlejò?"

"Ẹ fà á sọ̀kalẹ̀!"

"Lọ gbé ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ará olú ìlú, kí wọ́n bá ẹ jẹ ẹ́!"

Edelmira yí ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ sá lọ. Ó ń wá ojú ẹnì kan, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Zunilda, ìyá Yerko, tó di bàtà ọmọ rẹ̀ kan mọ́ àyà. Ó gbàgbé àwọn yòókù. Zunilda ló bá sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà níwájú ní láti dákẹ́ kí wọ́n tó gbọ́.

"Ìyá Yerko, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ àná ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní ọ̀rọ̀ òní, kò dùn. Nolberto kò sùn. Ó pe ọkọ̀ wọn, wọ́n sì dáhùn."

"Irọ́ ni!" ni Rosamel wí. "Ta ló dáhùn?"

"Àbúrò mi ni. Ó ní àwọ̀n kan ló kù. Ó ní òkun mọ orúkọ ìyá òun. Ẹ̀yin gan-an, ẹ sọ fún mi, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Quilahue?"

Edelmira kò lè wo ibi tí ìyá rẹ̀ wà.

"Bí ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa bínú sí, ilé wa nìyẹn, èmi nìyí. Tẹ́ ẹ bá pa Nolberto, ta ló máa gbọ́ tí rédíò ọkọ̀ wọn bá tún ké? Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n lò bíi tiẹ̀."

Zunilda na bàtà náà sókè sí i. "Edelmira, ṣèlérí fún mi. Sọ pé ọmọ mi á padà wálé. Sọ ọ́, jọ̀ọ́."

Gbogbo ojú dúró sí i lára. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó dùn, ó fúyẹ́, gbogbo èèyàn ló ń retí rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò lè ṣèlérí yẹn, màmá. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà."

Obìnrin náà figbe ta, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Edelmira kò dúró. "Àmọ́ ìjì ti ń rọlẹ̀ ní ìhà gúúsù. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ lágbára, kó jáde báyìí. Ẹ gba ẹ̀yìn erékùṣù kékeré, ibẹ̀ ni omi máa ń gbé nǹkan lọ. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dáná ńlá sórí òkè, kí wọ́n lè rí èéfín. Ẹ gbé ìbora wá, ẹ se ọbẹ̀. Rosamel, ọkọ̀ yín ló lágbára jù."

Rosamel wo àáké ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀. "Bí àbúrò ẹ bá wà láàyè," ló wí, "ọwọ́ mi ló máa kú sí." Ó sì sáré lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀.

Ìdúró yẹn gùn. Àlejò ránṣẹ́ pé òun kò lè wá mọ́ nítorí ìjì. Otilia jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga àlejò, kò sì bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà Heriberto wá dúró ti Edelmira, ó fún un ní milcao, àkàrà ọ̀dùnkún tó ṣì gbóná. Kò lè jẹ ẹ́.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Nolberto fò jáde látinú yàrá rédíò, tó ń kígbe, "Wọ́n rí wọn! Wọ́n rí wọn! Ẹ̀mí wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!"

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Sigifredo ló ti kú, omi sì gbé wọn lọ sórí àpáta lẹ́yìn erékùṣù kékeré. Okùn àwọ̀n ti gé ìka méjì lọ́wọ́ Yerko. Wọ́n ti fi aṣọ dì í, ojú ọmọ náà funfun bí ẹfun. Rosamel gbé e fún ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ló yíjú sí Sigifredo, tó ń gun àtẹ̀gùn afárá bọ̀, tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n pè ẹ́ lórí rédíò. Wọ́n ní o gbọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Níwájú gbogbo wa."

Sigifredo wo Edelmira. Bó bá sọ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa gbà; ẹ̀bi á já lé Nolberto lórí, Edelmira kò sì ní lè gbójú sókè mọ́ ní Quilahue. Ó wò ó pẹ́. Ojú Edelmira kò kúrò lójú àbúrò rẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Sigifredo wí. "Wọ́n pè mí, mo gbọ́."

Rosamel gbá a létí, gbígbá tó sọ ọ́ lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó là wọ́n. Rosamel dúró lé e lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ. Otilia ló dìde látorí àga, ó lọ bá ọmọkùnrin rẹ̀, ó sì fi ìbora tirẹ̀ bò ó. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ Edelmira, ó dúró díẹ̀.

"Ìwọ ni mo bí, òun náà ni mo bí," ló wí. "Má bi mí ní nǹkan kan."

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni Sigifredo kò fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá wọn, tó bá Edelmira níbẹ̀, á dé ìkòkò, á sì jáde. Àwọn èèyàn a máa sọ fún Edelmira lọ́nà pé, "Ààrẹ, ẹ mà mọ ọ̀rọ̀ sọ!" Kì í dùn mọ́ ọn. Nolberto kò jáwọ́ nínú ọtí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú Rosamel.

Nígbà tí ojú ọjọ́ móoru díẹ̀, ẹgbẹ́ pàdé. Edelmira dìde, ó gbé òfin tuntun kalẹ̀: ọkọ̀ tí wọ́n bá pè wálé tí kò bá wá kò ní jáde fún oṣù kan gbáko. Àwọn atukọ̀ kùn. Ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn bíi mélòó kan, ó sì jókòó. Nígbà tó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Sigifredo na ọwọ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Edelmira kà á mọ́ ti àwọn yòókù.