Fọ́tò Ọpọlọ Eku Lára Ògiri

Ṣìọ̀! Ẹni tó bá rí Ṣàmsúdéènì lọ́jọ́ tó ti òkè òkun dé á rò pé òun ló ni ìwé. Kò tíì jókòó ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Amúwo tó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló so ọpọlọ eku mọ́ ògiri?"

Ojú ti Àsmá'ù, àbúrò rẹ̀, inú sì bí i. Ṣebí Ṣàmsúdéènì fúnra rẹ̀ ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lọ́dún 2006 láìkọ lẹ́tà mọ́ ọn? Fọ́tò dúdú ni, nǹkan funfun roboto kan ká kò sáàárín. Ta ni kò mọ̀ pé irú rẹ̀ làwọn aláboyún ń gbà bọ̀ láti ọsibítù? Bí Màmá Sìlífátù, ìyá wọn tó ń ta prófíṣọ̀n l'Ágbojú, ṣe rí i ló pariwo pé ìyàwó ọmọ òun ti lóyún. Ó fi sínú fírémù, ó pín bísíkíìtì fún gbogbo ojúlé. Ọ̀mọ̀wé ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Tó bá pè lórí fóònù, "Màámi, káàdì mi ti ń tán" ni.

Ọdún yípo, ọmọ ò dé. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Àsmá'ù béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n lójú Màmá, ojoojúmọ́ loyún náà ń pé oṣù méje. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú un bọ̀ láti Fẹ́sítáàkì, ó gbàgbé ọ̀nà ilé.

"Eku tí a fi àrùn ìgbàgbé sí lára ni," Ṣàmsúdéènì ń ṣàlàyé. "Ẹ̀rọ ilé ìwádìí wa máa ń ya fọ́tò ọpọlọ rẹ̀ bó ṣe ń súnkì. Màámi, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tọ́mọ kú fún.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá fi etí ìró nu fírémù. "Ṣàmsú, oṣù mélòó ló kù?" Ọ̀mọ̀wé tún là á yé e. Ẹkún tún sọ. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ọ̀rọ̀ náà sú Àsmá'ù.

"Bọ̀dá, eku mélòó lẹ ti wo ọpọlọ wọn?"

"Á tó irinwó."

"Irinwó! Ẹ rí ìgbàgbé nínú gbogbo wọn, ẹ ò rí ti ìyá yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti pa ọmọ kan náà fún un!"

Ọ̀mọ̀wé yíjú wo ìyá rẹ̀, ó wò ó títí. Ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ló mà wà o! Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá tún nu fírémù. "Ṣàmsú, oṣù mélòó ló kù?"

Ó lọ dúró tì í. "Oṣù méjì, Màámi."

"Alihamudulilai!" Màmá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan gíláàsì. "Wo imú rẹ̀. Ó jọ ẹ́."

"Ó jọ wọ́n dáadáa, Màámi," ni Àsmá'ù dáhùn.