Oògùn Tí Wọ́n Ń Pè Ní Gàárì

Ní Upenmen, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, bí wọ́n bá bi ọkùnrin kan pé, "Ṣé o ti di gàárì?" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹṣin ni wọ́n ń sọ. Hóró oògùn funfun kan ni, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé mì kí ẹ̀yìn má baà dùn wọ́n lóko. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, wọ́n á ní ó wà lórí gàárì. Ẹni tó bá rẹ̀ tó jókòó, wọ́n á ní gàárì rẹ̀ ti já.

Láníyì, bàbá Tiwalọlá, kì í fi oògùn náà sílẹ̀ mọ́. Àáró ni wọ́n ń ṣe: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá a ro oko kòkó tirẹ̀ tán, ó kù kí òun náà bá wọn ro tiwọn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn gbé?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti lọ sóko, Tiwalọlá rí ìgbẹ́ tí bàbá náà yà sẹ́yìn ilé. Ó dúdú bí ọ̀dà. Ọmọ tí kì í lè wo àlejò lójú ni, kò mọ ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún, àfi Bàbá Jamaldeen, arúgbó tó ti bá ọ̀gá kan tọ́jú ẹṣin ní Ọ̀wọ̀ rí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti rí gàárì tí wọ́n ń lò yìí?"

"Ta ló ń lò ó nílé yín?"

Tiwalọlá dorí kodò. Bàbá náà mí kanlẹ̀.

"Ẹṣin ọ̀gá wa kan ló ń tiro. Dókítà ẹran fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó sinmi. Ṣé ọ̀gá wá gbọ́? Ọdún ti dé, ó fẹ́ gùn ún. Bí oògùn bá ti ṣiṣẹ́ báyìí, yóò ní ká di ẹṣin ní gàárì. Àwọn lébìrà rí i pé ẹṣin tí kò lè dìde lánàá ló ń jó yìí. Wọ́n ní ká fún àwọn náà ní gàárì ẹṣin. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá."

"Ẹṣin náà ńkọ́?"

"Níbi tó ti ń jó ló ṣubú sí. Nígbà tí wọ́n là á, ẹ̀jẹ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀."

Tiwalọlá kò dágbére. Eré ló sá dé oko Sylvanus, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń bá ro lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti jókòó sídìí igi kòkó, òógùn bò ó. Sylvanus dúró lé e lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Láníyì, gàárì ẹ já! Gba òmíràn."

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́.

"Ẹ má fún bàbá mi!"

"Háà! Odi fọhùn!" ni ẹnì kan wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ ni bàbá mi ń yà. Ó ti dúdú."

Ẹ̀rín dá.

"Tiwa, o fẹ́ dójú tì mí lójú ẹgbẹ́ mi?" Kí Láníyì tó parí ọ̀rọ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bì. Ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀ dúdú kirikiri.

Ọ̀kadà Sylvanus ni wọ́n gbé e sí, kí Sylvanus gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tiwalọlá gùn ún lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin náà ti ń yọ hóró oògùn jáde lápò, wọ́n ń wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ tirẹ̀ nù. Oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la.

"Bàbá mi," ni Tiwalọlá ń pè. Orí Láníyì wúwo sí i lórí èjìká rẹ̀.