Korobá Níwájú Gbohùngbohùn

Ṣọlá, má tíì kó ìròyìn àárọ̀ fún mi. Jókòó, kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú fún ọ.

Mo bá ara mi ní ilé iṣẹ́ rédíò wa níbí, mo ń ka ìròyìn bí a ṣe máa ń kà á: gómìnà ṣáájú, ìyàwó gómìnà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni mo ní omi ẹ̀rọ ti ń yọ ní gbogbo àdúgbò. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn tó ń gbọ́ wa wọlé tàwọn ti korobá, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ìyá àgbà kan gbé tirẹ̀ sábẹ́ gbohùngbohùn, ó ní, "Ọmọ mi, bu omi fún mi. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ pé ó wà."

Mo ní, "Mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Ni gbogbo wọn bá ń wá ọ, ìwọ olóòtú. O ti sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ṣùgbọ́n bàtà pupa rẹ yìí yọ síta. Ìyá náà ò tiẹ̀ bínú. Ó dojú korobá rẹ̀ dé, ó jókòó lé e, ó ní òun yóò dúró.

Má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Òùngbẹ ló jí mi. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé mi, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ jáde.

Ó yá, kí ló wà nínú ìròyìn tòní?

Omi? O kọ ọ́ pé ó ti ń yọ ní gbogbo àdúgbò?

Ṣọlá, dìde. Bàtà ṣáà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wò ó.