Ta Lo Ní Níbẹ̀?

Ní iléeṣẹ́ tí Lọ́yà ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rọ nǹkan, kò sẹ́ni tó ń tajà. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣòwò. Bí òfin kan bá fẹ́ dí olówó lọ́wọ́, àwọn ni yóò lọ máa kùn sí ìjọba létí títí òfin náà yóò fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Oníbàárà tuntun kì í sì í dé kí ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Mo-Mọ̀-Wọ́n, má bi gbogbo àwọn tó yí tábìlì ká ní ìbéèrè kan náà: "Ta lo ní níbẹ̀?"

Ọ̀kan á ní mínísítà ni àna òun. Òmíì á ní òun ló wa mọ́tò fún olórí ìjọba àná. Lọ́yà nìkan ni kì í ní ẹnikẹ́ni. Òfin ló ń kà, àlàyé ló ń kọ, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ọpọlọ òun ni wọ́n rí tí wọ́n fi gba òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, oníléeṣẹ́ awọ kan tó ń da ẹ̀gbin sódò ló wá. Ìgbìmọ̀ omi fẹ́ fòfin dè é. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo ẹlòmíì.

"Lọ́yà, ó kàn ọ́. Alága ìgbìmọ̀ yẹn, ṣé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ kọ́ ni?"

Lọ́yà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ó jókòó, ó dìde, ó bu omi, kò mu ún. Bí wọ́n ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, ilé Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà, ló gbà lọ, kó lè kìlọ̀ fún un pé àwọn kan ti ń tọpinpin ẹbí wọn.

Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ní pálọ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí onílé.

Àǹtí ò tiẹ̀ mira. "Jókòó, jàre. Ta lo rò pé ó fi ẹ́ síṣẹ́? Èmi àti ọ̀gá ẹ la jọ dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Àbí o rò pé àlàyé tó ò ń kọ ló wú wọn lórí?"

Ọ̀gá ní kó má bínú, ọ̀nà tí gbogbo wọn gbà wọlé náà nìyẹn. Lọ́la, kó ṣáà jókòó ti oníléeṣẹ́ awọ níwájú ìgbìmọ̀, Àǹtí á ṣe èyí tó kù.

Orí ìdúró ni Lọ́yà wà.

"Màá jókòó, sà. Àárín àwọn tó ń mu omi odò yẹn ni màá jókòó sí, màá sì sọ àwọn tó ni iléeṣẹ́ wa."

"Ta ló máa wá gbà ẹ́ síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn?" Ohùn Àǹtí ti yí padà.

"Gbogbo wọn lẹ kúkú mọ̀, Àǹtí. Ẹ bá mi pè wọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n má gbà mí."

Ó jáde sí títì, ó kọrí sọ́dọ̀ àwọn tó ń mu omi náà. Ọ̀nà odò jìn, ilẹ̀ ò sì ní pẹ́ ṣú.