Àpò Tí Kì Í Jò

“Alápò, àpò rẹ ti jò o!”

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìyẹn lórí fóònù. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí ó kí òun tán. Tíì Alápò ṣì ń yọ èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá yàrá tán, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ilẹ̀. Àárọ̀ yẹn gan-an ló fi ẹ̀dà tuntun iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́.

Àpò ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kékeré kan ni tó máa ń lẹ̀ mọ́ búráúsà tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá rí ojú-ewé tó wù ọ́, tẹ àmì àpò tó wà lókè, kọ orúkọ tó bá wù ọ́ sí i, ó ti wọlé nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ẹ, wàá bá a níbẹ̀. Òun nìkan ló ṣe é, òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀ bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ rí ló sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni. Gbogbo ìgbà ló ń wá sítáì aṣọ tó rí lánàá, tí kò ní rí i mọ́ lónìí, tí á sì máa bú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó lẹ́tí. Ọjọ́ tí Alápò fi Àpò sí i fún un, ó fọ́nnu: “Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó bá wọ àpò tèmi kì í jò.”

“Kí ló jò?” ló bi í báyìí.

“Ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi! Mo ní kí n gé aṣọ nọ́ọ̀sì tó ń ṣègbéyàwó lọ́la, mi ò rí ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ó lé ní ìdajì ẹrù mi tí mi ò rí.”

“Ìwọ̀n kẹ̀? Ojú-ewé ni Àpò ń gbà. Kì í gba ìwọ̀n.”

“Ó dáa. Ibo ni mo wá ń kọ ọ́ sí látọjọ́ yìí?”

Bó ṣe yé Alápò nìyẹn. Bí oníbàárà bá mú sítáì kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ju ojú-ewé sítáì náà sínú Àpò. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ ojú-ewé sí, ìwọ̀n oníbàárà ló ń kọ síbẹ̀: àyà, ìbàdí, gígùn apá, gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ni ojú-ewé sítáì náà á kó kúrò, ojú-ewé á kú. Kí ló kan aránṣọ? Ìwọ̀n rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.

Òkú ojú-ewé yìí gan-an ni ẹ̀dà tuntun wá gbá dànù. Àwọn èèyàn ló ń ráhùn pé irú wọn ti kún àpò àwọn. Alápò wá kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pé kó máa lọ kan ilẹ̀kùn ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá ti dáhùn, kó fi í sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, kó gbé e dànù. Inú àpò tirẹ̀ ló ti dán an wò, pàǹtírí ló sì kó jáde níbẹ̀ lóòótọ́. Kò rò ó pé ẹlòmíì lè máa kó nǹkan mìíràn sí tirẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìgbálẹ̀ nínú ilé onílé?

“Ẹ pe nọ́ọ̀sì náà, ẹ ní kó tún ìwọ̀n rẹ̀ sọ.”

“Inú ọkọ̀ òfuurufú ló wà. Àárọ̀ ọ̀la ló máa balẹ̀, tí á wọ aṣọ lọ fẹ́ ọkọ. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi ṣègbéyàwó ló gbé fún mi pé kí n tún gé, kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Àbí kí n fojú wọn ọmọ ọlọ́mọ?”

Alápò kọ́kọ́ fa ẹ̀dà tuntun náà sẹ́yìn kó má baà tún dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, nítorí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ ń lò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn dà?”

“Òun ni mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bí mo bá ń gé e. Ó wúwo dáadáa. Ṣé kí n tan án wò?”

“Rárá! Ẹ má tan án! Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀!”

“Ṣé ejò ni?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ kúrò.

Kọ̀ǹpútà méjèèjì ló ń pín àpò kan náà. Èyí tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ ti sùn tipẹ́, ẹrù àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè gbóòórùn íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, á gbọ́ pé wọ́n ti gbá èkejì mọ́, òun náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Alápò sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fún ibẹ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pa á, ó pa tirẹ̀ náà. Ó gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí aṣọ funfun tó tẹ́ sórí tábìlì, ó nu òwú kúrò lára rẹ̀, ó so ó mọ́ iná, ó tàn án. Àwọn méjèèjì jókòó tì í. Téèpù ìwọ̀n wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi ìka lọ́ ọ, ó ń tú u. Kì í ṣe obìnrin tí ẹ̀rù tètè máa ń bà.

Nígbà tó yá, Àpò ṣí. Ẹrù wà níbẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì tó ń ṣègbéyàwó,” ni Alápò kà. “Èjìká ọ̀tún ga ju tòsì lọ, má sọ fún un.”

“Ka ìwọ̀n, má ka àṣírí!”

Ó kà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sórí aṣọ. Alápò wá ń da gbogbo ẹrù tó kù kọ síbi tí ọwọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè tó. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kọjá lórí wọn. “Ìyá onílé: ó ní òun ti fọn, irọ́ ni.” “Ọ̀gá dírẹ́bà: fi àyè sílẹ̀ fún ikùn.” Nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó kọ́kọ́ wọ àpò náà, kò sí ìwọ̀n kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni: “Ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò mi ló ṣe é.”

Ó mọ àdírẹ́sì náà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ṣe ojú-ewé yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù gàdàgbà lókè àti fọ́tò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́yìn náà ló rí iṣẹ́ gidi, ọwọ́ rẹ̀ dí. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ojú-ewé náà kú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ti kú tipẹ́.”

“Mo mọ̀.” Àlùmágàjí ti wọ inú aṣọ, kò gbójú sókè.

“Kí lẹ wá ń fi í ṣe?”

“Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn. Mo ní bóyá o ti ráyè.”

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́, ó sì ń gé aṣọ rẹ̀ lọ. Ó dun Alápò dé egungun. Òun tó kọ́ ẹ̀rọ pé ilé tí wọn ò bá ti dáhùn, kò sí èèyàn níbẹ̀ mọ́. Àṣé ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn láràárọ̀, òun gan-an sì ni onílé.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò ráyè, àbúrò mi. Ṣé mi ò rí ọ ni?”

Alápò fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ tábìlì, ó pa kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ó tan íńtánẹ́ẹ̀tì padà, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó gbé wá. Ó yọ ìgbálẹ̀ kúrò nínú ẹ̀dà tuntun náà pátápátá. Ó kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń lo Àpò, ó tọrọ àforíjì, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè wá ẹrù wọn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní kọ̀ǹpútà tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ojú-ewé òfìfo kan, ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù gàdàgbà sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wojú mi, kí n yà yín ní fọ́tò.”

“Pẹ̀lú irun yìí? Orí ẹ ò pé.”

“Ẹ máa gé aṣọ yín lọ nígbà náà.”

Ó yà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, àlùmágàjí lọ́wọ́, ẹnu tó ń bú u ṣì là sílẹ̀.