Òkúta Ọlọ Ìyá Blandine

"Koríko á dá a dúró," Isidore ní.

"Òkúta ò létí tó máa fi gbọ́ pé kó dúró," Théodore ọ̀rẹ́ ẹ̀ fèsì.

"Kò nílò etí. Mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa sọ ọ́ kí wọ́n tó lé mi kúrò níléèwé: ohun tó bá ti ń yí á máa yí lọ ni, àfi tí nǹkan bá dí i lọ́nà. Koríko á máa ha á lára, eré ẹ̀ á máa dín kù, á sì dúró gẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àna mi."

"Àna ta? Wọn ò tíì fún ẹ níyàwó."

Òótọ́ ni. Ìyá Blandine ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ òun, kó gbé òkúta ọlọ wá fún òun látorí òkè Kèrè. Isidore rí ọ̀kan tó rí roboto, àmọ́ ó wúwo ju ohun tí ọrùn ẹ̀ lè rù lọ. Ló bá fẹsẹ̀ tì í sọ́nà ilé ìyá náà nísàlẹ̀ òkè.

Òkúta kọ́kọ́ rọra ń yí bí aláboyún. Nígbà tó yá, eré dé. Ó la koríko já, àwọn ewúrẹ́ yà fún un, ó kọjá níwájú Ìyá Blandine tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó di inú ẹrẹ̀ odò nísàlẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó kọjá níbí," ó ní, "àmọ́ kò yà kí mi. Ẹni tó rán an ni kó lọ mú un wá."

Théodore ti ń rẹ́rìn-ín. "Koríko dà?"

"Ṣé kò dúró ni?" Isidore bi í. "Mo ní á dúró, ó sì dúró. Ibi tó dúró sí nìkan ló kù ká jọ sọ."

Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì gba ọ̀nà odò lọ, ó ń ju apá bí ẹni tó borí.