Ọmọ Bísọ́lá

Nọ́ńbà tó hàn lójú kọ̀ǹpútà náà gùn bíi nọ́ńbà fóònù. Ooru ara ọmọ ìkókó ló sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Àyà Motọ́lání já. Òun ló kọ kóòdù tó ń darí àpótí gíláàsì tí ilé ìwòsàn kékeré yìí ní Ìsẹ̀ fi ń mú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé móoru. Ó ti fi ṣe fáàrí káàkiri Ìkẹ́rẹ́. Lónìí, ọmọ tí Bísọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ló wà nínú àpótí náà, àpótí sì ti tutù.

“Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lé Àǹtí mi láyà, kí ẹ daṣọ bò wọ́n,” ni Motọ́lání wí.

Bísọ́lá gba ọmọ mọ́ra. “Motọ́lání, ṣé a ó gbé ọmọ yìí dé ulé?”

Motọ́lání ń yẹ kóòdù wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Atọ́ka kan ló sì ń sọ ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà fún iná tó ń mú àpótí gbóná. Ká ní atọ́ka náà ṣófo ni, ẹ̀rọ ì bá ti ké. Kò ṣófo. Ó ṣì ń tọ́ka síbi tí àkọsílẹ̀ ọmọ wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí nọ́ńbà nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀rọ ka pàǹtírí, ó gbà pé ọmọ ń jóná, ó sì pa iná.

“Ta ló pa àkọsílẹ̀ ọmọ yìí rẹ́?”

“Èmi ni,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ṣebí ó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí? Pásítọ̀ ti wá sọ ọ́ lórúkọ. Àbí ‘Ọmọ Bísọ́lá’ la ó máa pè é títí? Mo pa ìyẹn rẹ́, mo kọ Àánúolúwa.”

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Motọ́lání, ọmọ Èkìtì tòótọ́, kò wo ilé rárá kó tó kọ kóòdù. Ojú tì í. Ó tún un kọ, kí iná má ṣe gbára lé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́ mọ́, kí ẹ̀rọ sì ké bí kò bá rí ọmọ. Wọ́n dán an wò títí ó fi dá wọn lójú. Àpótí gbóná padà, wọ́n dá ọmọ padà sínú rẹ̀, Bísọ́lá sì bú sẹ́kún ayọ̀.

“Ọlọ́run ṣeun,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Báyìí náà ni ọmọ Adéwùmí ṣe tutù lóṣù tó kọjá. Ká tó mọ̀, ó ti lọ. A ní àmúwá Ọlọ́run ni.”

Motọ́lání kò fẹ́ béèrè. Ó béèrè.

“Ọjọ́ wo lẹ sọ ọ́ lórúkọ?”

“Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an…” Nọ́ọ̀sì rọra jókòó.

Lẹ́yìn wọn, Bísọ́lá ń pe Àánúolúwa, ó ń pè é léraléra. Ẹ̀rù tí Motọ́lání rò pé ó ti lọ tún dé. Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ lọ sílé Adéwùmí, kò sì mọ ohun tí òun máa sọ tí wọ́n bá ní kí òun jókòó.